Wọ́n ní ọkọ̀ epo máa kásẹ̀ nílẹ̀: kí lòfin yẹn sọ gan-an, kí ló sì ń bí àwọn èèyàn nínú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ epo yìí, torí ariwo tó wà lórí ẹ̀ ti pọ̀ ju àlàyé lọ. Gbàrà tí ìròyìn bá ti jáde pé ìjọba ibì kan fẹ́ fòpin sí mọ́tò tó ń lo bẹntiróò àti dísù, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọlọ́pàá á dá wọn dúró lójú títì, á ní kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ wá, mọ́tò téèyàn fi òógùn ojú ẹ̀ rà á wá di irin lásán. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á ní ó ti ń ṣẹlẹ̀, pé wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lójoojúmọ́ nítorí dísù. Wọ́n á máa bú ara wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí kálukú ń sọ yàtọ̀ síra: ọ̀kan ń sọ ti títa ọkọ̀ tuntun, ọ̀kan ń sọ ti owó tí wọ́n ń gbà kéèyàn tó wọ ìgboro, ọ̀kan sì ń sọ ti owó orí tí wọ́n fi lé epo. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Téèyàn ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò lè mọ èyí tó kàn án níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé ìbínú ọ̀hún nídìí, kì í ṣe pé àwọn tó ń bínú ò mọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òfin títa ọkọ̀ tuntun. Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023 sọ pé tó bá fi máa di 2035, mọ́tò tuntun tí wọ́n bá ń tà ò gbọ́dọ̀ máa tú gáàsì carbon dioxide, èyí tó ń mú kí ayé gbóná, jáde rárá lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ẹ wò ó dáadáa, òfin yẹn ò sọ pé bẹntiróò ò dáa, kò sọ pé dísù ò dáa, gáàsì tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ló ń wọ̀n, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa jó epo tí kò ní tú gáàsì yẹn, ibì kan náà ló já sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2030 ni wọ́n fi sí fún mọ́tò tó jẹ́ epo nìkan ló ń lò, wọ́n wá fún háíbírììdì, ìyẹn èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tó tún ní bátìrì tó ń wa táyà, láyè di 2035. Nínú méjèèjì, ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ń bá wí, èyí tó ti ilé iṣẹ́ jáde tó ń lọ sọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa rà á. Èyí tó wà nílẹ̀ yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ lè máa wà á lọ, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè tà á, ẹlòmíì sì lè rà á lọ́wọ́ yín lọ́dún 2037, kò sófin tó ní kó má rà á. Bí ẹnì kan bá wá ra ọkọ̀ bẹntiróò tuntun lóṣù tó gbẹ̀yìn kí òfin tó dé, tó sì lò ó fún ọdún 15 sí 20 bí ọ̀pọ̀ mọ́tò ṣe máa ń pẹ́, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ọkọ̀ epo á ṣì máa rìn lójú títì nígbà tí 2050 bá dé. Torí náà ilé epo ò ní tì lọ́jọ́ kan, mẹkáníìkì ò sì ní di aláìníṣẹ́ lóru ọjọ́ kan.

Ẹni tí òfin yìí di mú lọ́rùn gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò dúró de 2030 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ọkọ̀ oníná (èyí tó jẹ́ iná inú bátìrì nìkan ló ń lò) tó gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo mọ́tò tuntun tó bá tà: 22% lọ́dún 2024, 28% lọ́dún 2025, 33% lọ́dún 2026, títí tó fi máa dé 80% lọ́dún 2030. Ẹni tí ò bá kún ojú ìwọ̀n máa san owó ìtanràn lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan tó fi kù síbẹ̀, £15,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n wá já a wálẹ̀ sí £12,000 lọ́dún 2025 lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ ti figbe ta. Àyè díẹ̀díẹ̀ ṣì wà o, ilé iṣẹ́ tó bá tà ju ìwọ̀n tiẹ̀ lọ lè ta àṣẹ́kù yẹn fún ẹni tí tiẹ̀ ò tó, àmọ́ owó ni gbogbo ẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tí wọ́n ń já iye owó ọkọ̀ oníná wálẹ̀ gan-an kí ọdún tó parí, ìtanràn ni wọ́n ń sá fún.

Wàyí o, owó tí wọ́n ń gbà ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin mìíràn pátápátá nìyẹn. ULEZ lorúkọ ẹ̀, ìyẹn Ultra Low Emission Zone. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ayé ń gbóná ló dìídì bá wí, afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ìlú ń fà símú ló ń ṣọ́, pàápàá nitrogen dioxide àti èérún wẹ́wẹ́ inú èéfín tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí mọ́tò yín ò bá dé ojú ìwọ̀n, £12.50 lẹ máa san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gbé e jáde. Lọ́dún 2019 àárín ìlú nìkan ló wà, nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 wọ́n nà án dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ilé ti gbiná. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ bẹntiróò ò sí lára àwọn tó ń bá wí níbẹ̀ tó bá ti jẹ́ pé 2006 ló jáde tàbí lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kọjá fàlàlà láìsan nǹkan kan. Dísù tó ti pẹ́, ìyẹn èyí tó jáde ṣáájú nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, òun ló ń san jù.

Ẹ wá wo ẹni tó sábà máa ń ní irú dísù àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe olówó. Káfíńtà tó ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ sínú fáànù ni, púlọ́ḿbà ni, ẹni tó ń gbé òbí tó ti darúgbó lọ sílé ìwòsàn ni. Ẹ mú nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ òru: aago méjìlá òru lọjọ́ ń parí nínú ìṣirò ULEZ, torí náà tó bá gbé mọ́tò ẹ̀ jáde láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì wà á padà sílé láago méje àárọ̀, ọjọ́ méjì ni wọ́n kà fún un, £25 nìyẹn lórí iṣẹ́ òru kan ṣoṣo. Wọ́n fún àwọn kan ní owó ìrànwọ́, £2,000 fún ẹni tó bá gbé mọ́tò ẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ rí mọ ibi tí £2,000 lè gbéèyàn dé. Àwọn kan bínú débi pé wọ́n ń gé wáyà kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò lóru, mi ò fọwọ́ sí i, àmọ́ ibi tí inú ti ń bí wọn yé mi.

Ohun tó wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra nìyí. Lóṣù keje ọdún 2023, wọ́n dìbò ní Uxbridge, lẹ́bàá ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, láti rọ́pò Boris Johnson nílé ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ Conservative, tó ń ta ko ULEZ, sì fi ìbò 495 péré borí, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ULEZ ló gbé wọn wọlé. Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí Rishi Sunak, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, fi jáde pé òun ti sún ọjọ́ ọkọ̀ tuntun láti 2030 sí 2035. Ṣé ẹ rí i báyìí? Èyí tó ń dun àwọn èèyàn lápò, òfin ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tí ò tíì dé rárá, tí ò sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n sún síwájú. Èmi ò lè dá ará ìlú lẹ́bi tó bá rò pé nǹkan kan náà ni méjèèjì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn olóṣèlú fúnra wọn ló ń sọ wọ́n pọ̀.

Ti Faransé náà, owó epo ni. Òfin wà níbẹ̀ pé gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní aṣọ yẹ́lò tó ń dán nínú mọ́tò, torí bó bá bà jẹ́ lójú ọ̀nà. Aṣọ yẹn ni wọ́n wọ̀ jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2018, tí wọ́n dí ojú pópó kiri gbogbo ìlú, torí ìjọba fẹ́ fi nǹkan bíi sẹ́ǹtì 6.5 kún owó orí lítà dísù kan tó bá di oṣù kìíní. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì ò ti sí, tó jẹ́ pé láìsí mọ́tò wọn ò lè débi iṣẹ́. Ìjọba wọ́gi lé owó yẹn kí ọdún tó parí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má wa ọkọ̀ epo, wọ́n kàn ń sọ pé ẹ ti sọ wíwà á di ohun tágbára wa ò ká, ẹ ò sì fún wa ní nǹkan míì rọ́pò.

Ọ̀rọ̀ dísù yìí ní ìtàn tó yẹ kéèyàn mọ̀, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò àìgbàgbọ́ wà. Ní nǹkan bí ọdún 2000 sókè, ìjọba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Yúróòpù ló ń rọ àwọn èèyàn pé dísù ni kí wọ́n rà, torí dísù ò jó epo tó bẹntiróò, carbon dioxide tó ń tú jáde lórí kìlómítà kan kéré. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí owó orí mọ́tò padà lọ́dún 2001 kó lè máa bá carbon dioxide yẹn rìn, bí ti mọ́tò yín bá kéré owó yín á kéré. Àwọn èèyàn gbọ́rọ̀, wọ́n ra dísù. Àfi bó ṣe di oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà tú àṣírí Volkswagen pé wọ́n fi ohun kan sínú kọ̀ǹpútà mọ́tò dísù wọn, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò á tú èéfín díẹ̀, tó bá ti bọ́ sójú títì á máa tú u jáde yàà, mọ́tò tó tó mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé lọ̀rọ̀ náà kàn. Láti ìgbà yẹn, dísù di ẹni àpatì. Lóṣù kejì ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Leipzig, ní Jámánì, sọ pé ìlú lè dá dísù àtijọ́ dúró, Hamburg bẹ̀rẹ̀ láwọn òpópónà kan lọ́dún yẹn, Stuttgart náà tẹ̀ lé e lọ́dún 2019, àwọn èèyàn Stuttgart, níbi tí Mercedes àti Porsche ti ń jáde, sì tú síta lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ wọ́n ń fẹ̀hónú hàn.

Ohun tí wọ́n ń sọ ò ṣòro láti gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ní ká rà á, a rà á, ilé iṣẹ́ ló purọ́, àwa lẹ wá ń fìyà jẹ. Bí ìjọba kan náà bá wá dé lónìí tó ní ọkọ̀ oníná ni kẹ́ ẹ rà báyìí, kí ló máa mú kí ẹni yẹn gbà gbọ́? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí wúwo ju gbogbo àríyànjiyàn lórí bátìrì lọ. Wọ́n sì tún fi ìyókù kún un o, nítorí lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé láti oṣù kẹrin 2028, ọkọ̀ oníná á máa san pẹ́ńsì mẹ́ta lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é yéni, owó orí epo ló ń wọlé fún wọn látọjọ́ yìí, tí kò bá wá sẹ́ni tó ń ra epo mọ́ owó yẹn á gbẹ, àmọ́ ẹni tó ra ọkọ̀ oníná torí wọ́n sọ fún un pé ó máa dín ìnáwó ẹ̀ kù, ojú tó máa fi wò ó ò ní yàtọ̀ sí ojú ẹni tó ra dísù lọ́jọ́sí.

Yàtọ̀ sí pé wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba, ọ̀rọ̀ ṣájì ló kù tó ń dun àwọn èèyàn jù, ó sì yẹ ká fojú sí i dáadáa nítorí àlàyé tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀ máa ń fò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mú ọkọ̀ oníná kan tí bátìrì ẹ̀ gba kilowatt-hour 60, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè wọ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán inú ilé ní Yúróòpù, tó ń gbé nǹkan bíi kilowatt méjì lé díẹ̀ wá, ó máa lé ní wákàtí 24 kó tó kún láti òdo. Tẹ́ ẹ bá ní àpótí ṣájì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, oníkilowatt méje, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ìyẹn ni pé ẹ fi í sílẹ̀ lálẹ́, ẹ sùn, ó ti kún kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, tó lè gbé kilowatt 150 jáde, lè gbé e láti 10% dé 80% láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí mọ́tò ọ̀hún bá lè gbà á, lẹ́yìn 80% ó máa ń lọ́ra torí bátìrì ò fẹ́ kí wọ́n rọ́ iná lé e lórí mọ́. Ẹni tó bá nílé tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tiẹ̀, ìgbádùn ni, kò tún nílò láti yà sílé epo mọ́. Ẹni tó ń gbé nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní àjà kẹrin, tó ń gbé mọ́tò síbikíbi tó bá rí lójú àdúgbò ńkọ́? Ṣé wáyà ló máa jù gba ojú fèrèsé? Ó di dandan kó lọ sí ṣájì ìta, ṣájì ìta sì wọ́n ju ti ilé lọ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá owó orí tó wà lórí iná ilé jẹ́ 5%, ti ìta jẹ́ 20%. Ẹ rò ó wò: ẹni tó nílé tó ní àgbàlá ń san 5%, ẹni tó ń gbé fúláàtì ń san 20%, lórí iná kan náà. Ibi tí mo ti ń bá àwọn tó ń bínú bínú gan-an nìyí, torí èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá, ìpinnu lásán ni, wọ́n sì lè yí i padà.

Àwọn ìbẹ̀rù kan wà tó jẹ́ pé òótọ́ wọn ò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Pé ọkọ̀ oníná máa ń gbiná, fún àpẹẹrẹ. Lóṣù kẹwàá ọdún 2023, ibi ìgbọ́kọ̀sí pápákọ̀ òfuurufú Luton jóná, mọ́tò tó lé ní 1,400 ló ṣòfò, kí panápaná tó sọ̀rọ̀ tán ni gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ti gbà pé ọkọ̀ oníná ló fà á. Dísù ni. Àwọn panápaná sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ìròyìn àkọ́kọ́ ló ti dé ibi tó fẹ́ dé. Ìṣirò tí wọ́n ṣe láwọn ilẹ̀ bíi Sweden fi hàn pé ọkọ̀ oníná kì í sábà gbiná tó ọkọ̀ epo. Òtítọ́ tó kù nílẹ̀ ni pé tí bátìrì bá gbiná, ó ṣòro láti pa, ó ń fẹ́ omi púpọ̀, ó sì lè tún ràn lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé ó kú, ìyẹn ni àwọn panápaná ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa kojú báyìí. Ti bátìrì tó ń kú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fọwọ́ sọ̀yà fún ọdún mẹ́jọ tàbí kìlómítà 160,000, pé kò ní dín sí 70% agbára tó ní lọ́jọ́ tó jáde, tó bá dín wọ́n á ṣe nǹkan sí i.

Ti pé inú iná mọ̀nàmọ́ná náà lèéfín wà, tí wọ́n bá ń fi èédú ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni, kò sírọ́ níbẹ̀, ṣíṣe bátìrì gan-an sì ń tú gáàsì ju ṣíṣe ọkọ̀ epo lọ, ọkọ̀ oníná máa ń jẹ gbèsè kó tó kúrò nílé iṣẹ́ ni. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ò gbé ju nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú 100 agbára inú epo dé ara táyà, ìyókù ń bá ooru lọ, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìrìnàjò ẹ máa mọ̀. Mọ́tò iná ń gbé ju 80 lọ débẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bó bá ti rìn fún ọdún díẹ̀, ó ti san gbèsè yẹn tán. Ti kobalt, ìyẹn irin kan tí wọ́n ń fi ṣe bátìrì, ni mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nǹkan bí 70% kobalt tí wọ́n ń wà lágbàáyé, Kóńgò ló ti ń wá, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ wà á níbì kan, ẹni tó bá ń bínú sí ìyẹn kò ṣàṣìṣe. Ọ̀pọ̀ bátìrì tuntun, tí wọ́n ń pè ní LFP, tó wọ́pọ̀ ní Ṣáínà, ò ní kobalt nínú rárá, ìyẹn ti ń mú un rọjú díẹ̀.

Nígbà tí àwọn ilẹ̀ míì ń jà, Nọ́wè gba ọ̀nà tiẹ̀. Wọn ò ṣòfin pé kẹ́nikẹ́ni má ta ọkọ̀ epo. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń yọ owó orí kúrò lórí ọkọ̀ oníná díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ epo sì ń san owó orí tó gbópọn, débi pé ìgbà téèyàn bá dé ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ oníná lè má wọ́n ju ti epo lọ. Wọ́n fún wọn láyè lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, wọ́n dín owó ọkọ̀ ojú omi kù fún wọn. Lọ́dún 2017 wọ́n wá fi 2025 ṣe àfojúsùn pé gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n bá ń tà á jẹ́ èyí tí kì í tú gáàsì jáde. Nígbà tó di 2024, 88.9% nínú mọ́tò tuntun tí wọ́n tà níbẹ̀ ló jẹ́ oníná, nínú òtútù tí àwọn kan ní bátìrì ò lè fara dà. Òtútù ń dín ìrìn ẹ̀ kù lóòótọ́, wọ́n kàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀ ni. Kí n má tan yín, Nọ́wè lówó, owó epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà fáyé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, iná wọn náà sì fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ omi nìkan ló ń gbé e. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló lè ṣe bíi tiwọn. Àmọ́ ohun téèyàn lè rí kọ́ ni pé ibi tí nǹkan tuntun ò bá ti wọ́n ju ti àtijọ́ lọ, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ jà.

Ethiopia wá mú èyí tó le jù. Lóṣù kìíní ọdún 2024 wọ́n kéde pé mọ́tò aládàáni tó ń lo epo ò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́, tuntun o, tòkunbọ̀ o. Èyí yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, torí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló bá, ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò ló bá lójú ẹsẹ̀. Ìdí tí ìjọba wọn sọ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, owó dọ́là tí wọ́n fi ń ra epo láti òkèèrè ló ń pa wọ́n lára, bẹ́ẹ̀ iná ti odò Náílì wà nílẹ̀, ìdídò ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n ṣí lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Inú àwọn kan dùn torí pé ṣíṣájì ò tó owó epo rárá. Àwọn míì ní kò sí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kò sí páàtì, àti pé tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Addis Ababa ṣájì ti wọ́n bí ojú. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ.

Àìdúró sójú kan tún wà nínú ohun tó ń dá èèyàn lágara. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ 2040 lọ́dún 2017, wọ́n sọ 2035 níbẹ̀rẹ̀ 2020, wọ́n sọ 2030 kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n padà sí 2035 lọ́dún 2023, ìjọba tuntun wọlé lọ́dún 2024 wọ́n dá a padà sí 2030. California ṣòfin 2035 tiẹ̀ lọ́dún 2022, lóṣù kẹfà ọdún 2025 Trump fọwọ́ sí ìwé tó fagi lé e, California sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Yúróòpù náà, lóṣù Kejìlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ wọn dábàá pé dípò kí gáàsì tí mọ́tò tuntun ń tú jáde dín kù ní 100%, kó jẹ́ 90%, ìyẹn ni pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì díẹ̀ lè ṣì máa jáde lẹ́yìn 2035, àbá ni o, ó ṣì gbọ́dọ̀ kọjá nílé aṣòfin wọn. Nígbà tí Sunak sún tiẹ̀ síwájú, Ford wà lára àwọn tó bínú ní gbangba, torí wọ́n ti náwó lé 2030 lórí. Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò náà ń wò wọ́n, ó ń sọ lọ́kàn ẹ̀ pé kí òun kúkú máa wa èyí tóun ní lọ ná. Ìdúró yẹn gan-an ló ń mú kí ọkọ̀ oníná má tètè di tòkunbọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà.

Tòkunbọ̀ yìí sì ni apá tó kan àwọn tí òfin ọ̀hún ò dárúkọ wọn rárá. Àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ṣírò ẹ̀ pé láàárín 2015 sí 2018, Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó mílíọ̀nù 14 mọ́tò àlòkù ránṣẹ́ sáwọn ilẹ̀ míì, nǹkan bí 80% nínú wọn ló lọ sáwọn ilẹ̀ tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó. Ibi tí dísù tí Lọ́ńdọ̀nù àti Stuttgart lé jáde máa ń gbà lọ nìyẹn, èéfín ẹ̀ ò parẹ́, ibòmíì ló lọ. Tí Yúróòpù ò bá ta ọkọ̀ epo tuntun mọ́, fún ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ tòkunbọ̀ ọkọ̀ epo á ṣì máa jáde níbẹ̀, lẹ́yìn náà á wá máa dín kù, ọkọ̀ oníná tó ti lo ọdún mẹ́jọ mẹ́sàn-án á sì máa dé dípò ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iye kìlómítà tó ti rìn nìkan ò tó béèrè, ìlera bátìrì ni kó béèrè, èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kà jáde ní 100, bó bá ka 85 ó dáa, bó bá ti ń sún mọ́ 70 ó yẹ kí iye owó ẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Kó béèrè bóyá ìfọwọ́sọ̀yà ilé iṣẹ́ ṣì wà lórí ẹ̀, àti bóyá ìfọwọ́sọ̀yà náà bá a sọdá òkun, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ló parí sí.